Kí ni móòlù tó ń da àwọn ọmọ SS láàmú yìí gan-an?

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì ní SS1 tàbí SS2, ẹ ó ti gbọ́ ẹjọ́ yìí rí. Gbogbo kẹ́mísìrì tó kọ́ ṣáájú ló yé e: èyí ni ásíìdì, èyí ni iyọ̀, èyí ló ń sọ lítímọ́ọ̀sì di pupa. Àfìgbà tí olùkọ́ kọ "móòlù" sójú pátákó. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ á ti máa há fọ́múlà sórí láìmọ ohun tó ń sọ. Nínú àwọn ọmọ tó ń wá sí lẹ́sìn lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́ ní Kubwa níbí, ọ̀pọ̀ ló lè sọ pé n = m/M (m ni ìwúwo ohun tó wà nílẹ̀, M ni ìwúwo móòlù kan rẹ̀) kí n tó la ẹnu tán. Bí mo bá wá bi wọ́n pé kí ni n yẹn ń kà, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́.

Iye ni. Móòlù kì í ṣe ìwúwo, kì í sì í ṣe bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó. Iye ni, bí ẹ̀wá ṣe jẹ́ iye, bí igba ṣe jẹ́ iye. Ohun tó kàn mú un yàtọ̀ ni pé ó pọ̀ kọjá ohun tí ẹnu lè kà: 602,214,076,000,000,000,000,000. Àwọn onísáyẹ́ǹsì gé e kúrú sí 6.02 × 10²³ kí ọwọ́ má baà ro wọ́n.

Àwọn baba wa ṣe irú rẹ̀ nígbà tí à ń ná owó ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàá mẹ́wàá ni, ìyẹn 20,000 ẹyọ, gbogbo ọjà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oríṣi ẹyọ méjì ló wà nígboro: èyí kékeré tó ti erékùṣù Maldives wá, àti èyí tó tóbi jù ú tí àwọn oníṣòwò ń kó bọ̀ láti ìhà Zanzibar. Ọ̀kẹ́ kan ti kékeré, 20,000 ni. Ọ̀kẹ́ kan ti ńlá, 20,000 náà ni. Ẹni tó bá rù wọ́n ni ọrùn rẹ̀ máa sọ fún pé wọn ò dọ́gba. Bí móòlù ṣe rí gan-an nìyẹn. Móòlù kan iyọ̀ ìsebẹ̀ àti móòlù kan ṣúgà, iye kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ti iyọ̀ wúwo tó 58.5 gíráàmù, ti ṣúgà sì tó 342 gíráàmù.

Ìbéèrè tí ọmọ tó gbọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, ta ló jókòó ka átọ́mù, ẹyọ wínníwínní tí gbogbo nǹkan fi ṣe, tí ojú ò rí? Kò sẹ́ni tó kà á. Òṣùwọ̀n ni wọ́n lò, ibí yìí sì ni gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ wò ó báyìí. Átọ́mù ọ́síjìn kan wúwo tó átọ́mù háídírójìn kan lọ́nà mẹ́rìndínlógún. Bí mo bá wá wọn gíráàmù kan háídírójìn sí apá kan, tí mo wọn gíráàmù mẹ́rìndínlógún ọ́síjìn sí apá kejì, iye átọ́mù tó wà lápá méjèèjì dọ́gba. Mi ò ní láti mọ iye náà. Ó lè jẹ́ mílíọ̀nù kan, ó lè jẹ́ ohun tí kò lórúkọ, wọ́n ṣáà dọ́gba. Bákan náà ni gíráàmù méjìlá kábọ́ọ̀nù, bákan náà ni gíráàmù mẹ́tàlélógún sódíọ́ọ̀mù. Iye tó wà nínú gbogbo wọn, tó jẹ́ ọ̀kan náà yẹn, òun ni wọ́n sọ lórúkọ. Nítorí náà, kò sí idán kankan nínú 6.02 × 10²³. Àwọn èèyàn ló ti kọ́kọ́ yan gíráàmù fún ìlò ara wọn, iye átọ́mù tó sì wọ inú rẹ̀ ló jẹ́ kí nọ́ḿbà náà rí wúruwùru bẹ́ẹ̀. Ká ní òṣùwọ̀n wọ́nsì (ounce) ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ḿbà mìíràn là bá máa há sórí lónìí.

Lójú tèmi, ibi tí àwọn olùkọ́ ti ń dẹ́rù bọmọ nìyẹn: nọ́ḿbà gbàgìdì ni wọ́n fi ń ṣíde, nígbà tó jẹ́ pé òun ló dé kẹ́yìn nínú ìtàn. Ará Ítálì tó ń jẹ́ Amedeo Avogadro, tó ti kọ́kọ́ kàwé òfin kó tó yà sí sáyẹ́ǹsì, sọ ọ́ ní 1811 pé bí gáàsì méjì bá gba àyè kan náà, tí ooru àti ìfúnpá wọn dọ́gba, iye mólékù (átọ́mù tó so pọ̀ di ẹyọ kan) tó wà nínú wọn dọ́gba. Kò sọ iye tó jẹ́, ó sì kú ní 1856 láìmọ̀ ọ́n. Ní 1865 ni Josef Loschmidt, ará Austria, tó ṣírò bí mólékù inú afẹ́fẹ́ ṣe kéré tó, ìyẹn ló ṣílẹ̀kùn fún ṣíṣírò iye wọn. Jean Perrin, ará Faransé, ló sọ nọ́ḿbà náà ní orúkọ Avogadro ní 1909. Títí di àìpẹ́ yìí, ohun tí ìwé ń sọ ni pé móòlù kan ni iye átọ́mù tó wà nínú gíráàmù méjìlá kábọ́ọ̀nù-12. Láti ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n ti fi nọ́ḿbà yẹn fúnra rẹ̀ so ó rọ̀. Bí ìwé ọmọ yín bá ṣì ń sọ ti gíráàmù méjìlá, kò ba nǹkan kan jẹ́ nínú ìṣirò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e sórí ohun tó wà nílé. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, omi inú rẹ̀ sì wúwo tó 500 gíráàmù. Omi jẹ́ H₂O: háídírójìn méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 1, àti ọ́síjìn kan, 16. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18. Móòlù kan omi jẹ́ gíráàmù 18 nìyẹn, ó lé díẹ̀ ní ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ fi 18 pín 500, ẹ ó rí 27.8. Ẹni tó bá mu píọ̀ wọ́tà kan tán ti mu móòlù méjìdínlọ́gbọ̀n ó dín díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹyọ móòlù kan ṣoṣo ṣe pọ̀ tó, ẹ ní kí gbogbo èèyàn tó wà láyé, bílíọ̀nù mẹ́jọ, máa ka mólékù kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án, lóru, láìsùn. Ó máa gbà wọ́n ju mílíọ̀nù méjì ọdún lọ kí wọ́n tó parí ṣíbí kan yẹn.

Ẹ ṣọ́ ohun kan o. Bí wọ́n bá ní "móòlù kan ọ́síjìn", ẹ bi wọ́n pé móòlù kan kí ni? Bó bá jẹ́ átọ́mù, gíráàmù 16 ni. Bó bá jẹ́ ọ́síjìn tí à ń mí sínú, méjì-méjì ni átọ́mù rẹ̀ ń rìn, O₂ ni, gíráàmù 32 ni. Máàkì tó ti bọ́ sọnù síbí yìí kò kéré.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ò kàn fi gíráàmù ṣe gbogbo rẹ̀? Nítorí pé nígbà tí nǹkan bá ń dà pọ̀ mọ́ nǹkan, orí ni wọ́n ń kà, wọn kì í wo ìwúwo. Ìlànà tí gbogbo ọmọ mọ̀ ni:

2H₂ + O₂ → 2H₂O

Ọmọbìnrin kan kọ èyí síwájú mi, ó kọ ọ́ dáadáa. Ìbéèrè ní gíráàmù mẹ́rin háídírójìn wà nílẹ̀, ọ́síjìn mélòó ló máa tán an? Ó wo 2 níwájú háídírójìn, ó wòye pé 1 ló wà níwájú ọ́síjìn, ó pín mẹ́rin sí méjì, ó kọ "gíráàmù 2", ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé gíráàmù ni 2 yẹn ń kà?"

Ó ní, "Sà, ṣebí ó wà níwájú ẹ̀."

Ó wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mólékù ló ń kà: mólékù háídírójìn méjì sí mólékù ọ́síjìn kan. Ẹ sọ gíráàmù mẹ́rin háídírójìn di móòlù ná. Móòlù kan H₂ jẹ́ gíráàmù 2, a jẹ́ pé móòlù méjì ló wà nílẹ̀. Móòlù méjì háídírójìn ń wá móòlù kan ọ́síjìn. Móòlù kan O₂ jẹ́ gíráàmù 32. Ìdáhùn jẹ́ gíráàmù 32, ó fi ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ju ohun tó kọ lọ. Omi tó máa jáde jẹ́ gíráàmù 36, mẹ́rin pẹ̀lú méjìlélọ́gbọ̀n, kò sí ìkankan tó sọnù.

Gbogbo ìbéèrè irú èyí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Ẹ kúrò ní gíráàmù, ẹ wọ móòlù. Inú móòlù ni kí ẹ ti lo nọ́ḿbà iwájú ìlànà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó padà sí gíráàmù. Ọmọ tó bá gba ọ̀nà àbùjá láti gíráàmù kan bọ́ sí gíráàmù kejì, kòtò ló máa já sí. WAEC pàápàá kì í fi ìwúwo átọ́mù pamọ́: ó máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ìdí ìbéèrè, H = 1.0, O = 16.0, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi wọ móòlù.

Gáàsì ìdáná fi èyí hàn ju gbogbo ohun tó wà nínú ìwé lọ. Sílíńdà oníkílò 12.5 wà ní ọ̀pọ̀ kíṣìnì l'Abuja. Pirópéènì àti biutéènì ló máa ń pọ̀ jù nínú gáàsì náà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ẹni pé pirópéènì nìkan ló wà níbẹ̀, kí ìṣirò má baà gùn. Bó ṣe ń jó nìyí:

C₃H₈ + 5O₂ → 3CO₂ + 4H₂O

Móòlù kan pirópéènì jẹ́ gíráàmù 44. Ó ń wá móòlù márùn-ún ọ́síjìn, ìyẹn gíráàmù 160. Bí a bá gbé e dé orí gbogbo sílíńdà, gíráàmù 12,500 jẹ́ nǹkan bíi móòlù 284. Ọ́síjìn tó máa bá a jó jẹ́ móòlù 1,420, ìyẹn kílò 45 àti díẹ̀. Kílò méjìlá ààbọ̀ tí ẹ gbé wálé látọ̀dọ̀ onígáàsì máa jẹ ju kílò márùndínláàádọ́ta lọ nínú afẹ́fẹ́ kíṣìnì yín kó tó tán. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo wa ń ti fèrèsé pa nítorí òtútù àti eruku, ẹ rántí ibi tí ọ́síjìn yẹn ti ń bọ̀. Bí kò bá tó, iná náà á máa jó lájòòjótán, èéfín kábọ́ọ̀nù mònósáídì á wọlé, kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Ti sìmẹ́ǹtì náà rọrùn láti ṣírò. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Obajana ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí wọ́n ń sun nínú ààrò ńlá, CaCO₃ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Móòlù kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 100 géérégé. Iná á pín in sí CaO, gíráàmù 56, àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì, gíráàmù 44. Nínú tọ́ọ̀nù kan òkúta tó bá mọ́, kílò 440 ló gba ojú afẹ́fẹ́ lọ. Iná tí wọ́n fi sun ún kò sí nínú ìyẹn o, òkúta náà fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká tètè kọjá lórí 22.4. Móòlù kan gáàsì èyíkéyìí máa ń gba nǹkan bíi lítà 22.4 nígbà tí ooru bá wà ní 0°C tí ìfúnpá sì jẹ́ ti afẹ́fẹ́ etí òkun. Nínú ilé tí kò gbóná jù, wọ́n ń lo lítà 24. Ohun tó mú kí gbogbo gáàsì bá ara wọn dọ́gba ni pé àwọn mólékù rẹ̀ jìnnà sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí títóbi wọn kò já mọ́ nǹkan, ohun tí Avogadro sì sọ nìyẹn. Gáàsì nìkan ló wà fún. Mo ti rí ọmọ tó fi 22.4 ṣírò omi. Móòlù kan omi tó jẹ́ gíráàmù 18, kò kún ife tíì.

Ibi tí móòlù ti wúlò jù lọ fún ẹni tí kò ní í ṣèdánwò mọ́ ni inú omi, nígbà tí nǹkan bá yòrò. Ẹ wo ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì ORS, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí wọ́n sì ń kó lọ sí ibi tí kọ́lẹ́rà bá ti bẹ́ sílẹ̀ lókè Ọya níbí lásìkò òjò. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún lítà omi kan ni glúkóòsì 13.5 gíráàmù, iyọ̀ 2.6, potásíọ́ọ̀mù kíláráìdì 1.5, àti sítíréètì oní-sódíọ́ọ̀mù 2.9. Ẹni tó bá fojú gíráàmù wò ó máa rò pé ṣúgà ni wọ́n ń fún ọmọ mu, wọ́n kàn bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ sọ ọ́ di móòlù. Móòlù kan glúkóòsì jẹ́ gíráàmù 180, nítorí náà 13.5 jẹ́ 0.075 móòlù, tàbí ká pè é ní mílímóòlù 75. Iyọ̀ 2.6, ẹ fi 58.5 pín in, ó mú sódíọ́ọ̀mù tó mílímóòlù 44 wá. Sítíréètì mú nǹkan bí 30 wá, torí sódíọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ẹ pa á pọ̀, ó bọ́ sí nǹkan bí 75 náà. Orí sí orí, sódíọ́ọ̀mù àti glúkóòsì dọ́gba.

Kì í ṣe èèṣì. Lára ìfun, ẹnu ọ̀nà kan wà tó jẹ́ pé sódíọ́ọ̀mù àti glúkóòsì jọ ń gbà á wọlé ni, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe le tó, ẹnu ọ̀nà yìí ṣì máa ń ṣiṣẹ́. Ìfun ò mọ gíráàmù, iye tó dé ẹnu ọ̀nà ló mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ pé bí kò bá sí sáṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ká po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kó má ga lórí ṣíbí, sínú lítà omi tó mọ́. Kí ló dé tí ṣúgà fi di ṣíbí mẹ́fà, tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25, nígbà tí glúkóòsì inú sáṣẹ́ẹ̀tì ò ju 13.5 lọ? Ṣúgà ilé kì í ṣe glúkóòsì lásán: glúkóòsì kan àti fúrúkitóòsì kan ló so pọ̀, móòlù kan rẹ̀ sì jẹ́ 342. Ẹ fi 342 pín 25, ó jẹ́ 0.073. Ẹ ti padà sí ẹ̀gbẹ́ 75 yẹn. Ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì ṣì dára jù o, nítorí potásíọ́ọ̀mù tí kò sí nínú ti ilé.

Èyí tó kẹ́yìn, àwọn àgbà ló ni ín. Bàbá kan ládùúgbò wa, ará Ìlọrin, ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ọmọ wọn sì tún fi òmíràn ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gún ìka lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà kan méjèèjì. Ọ̀kan ní 135, èkejì ní 7.5. Wọ́n ní, "Tíṣà, èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń purọ́?"

Mo ní, "Bàbá, kò séyìí tó ń purọ́ níbẹ̀. Ẹ fi 18 pín èyí tó pọ̀."

Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe é lórí fóònù. 135 pín sí 18, ó jẹ́ 7.5. Wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣe é fúnra wọn.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń wọn ìwúwo: mílígíráàmù glúkóòsì mélòó ló wà nínú ìdámẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ń ka iye: mílímóòlù mélòó ló wà nínú odindi lítà. Mílímóòlù kan glúkóòsì jẹ́ mílígíráàmù 180, bí ẹ bá sì mú ìdámẹ́wàá lítà, ó ku 18. Ibi tí 18 ti wá nìyẹn. Ìdí rẹ̀ náà nìyí tí dókítà kan á fi sọ pé 126 láìtíì jẹun ni àlà ìtọ̀ ṣúgà, tí òmíràn á ní 7.0, tí ọ̀rọ̀ wọn á sì jẹ́ ọ̀kan náà. Kí ẹ tó pariwo tàbí kí ẹ tó dúpẹ́, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà: mg/dL ni àbí mmol/L.

Bí wọ́n bá wá fún yín ní èsì kọlẹ́sítẹ́róòlù, ẹ má fi 18 pín ìyẹn o. 38.7 ni tirẹ̀, torí pé móòlù kan kọlẹ́sítẹ́róòlù wúwo tó gíráàmù 387.